Ọmọ Tuntun Tí Kò Yàgbẹ́

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, bí a bá bímọ, a máa ń bèèrè bóyá ó ké, bóyá ó mu ọmú, akọ ni tàbí abo. Ta ni ó ń bèèrè bóyá ó ti yàgbẹ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin kọ́. Ìgbẹ́ dúdú tó ń fà bí ọ̀dà ni ọmọ tuntun kọ́kọ́ ń yà, kò sì yẹ kí ó kọjá ọjọ́ kan, ó pẹ́ tán ọjọ́ méjì. Bí kò bá rí i yà, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tí ó ń bì èébì aláwọ̀ ewé, ẹ má gbọ́ ti ẹni tí yóò ní aráyé ló dè é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀kan nínú ohun tó lè fà á ni àrùn Hirschsprung, tí a fi orúkọ oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Denmark kan pè, ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1886. Láti inú oyún ni. Iṣan ìmọ̀lára wẹ́wẹ́ tí ń mú kí ìfun ti ìgbẹ́ síwájú kò dé ìsàlẹ̀ ìfun ńlá. Ibi tí kò dé yóò fún pọ̀, ìgbẹ́ yóò sì máa kó jọ sí òkè rẹ̀. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 5,000 ni ó ń ṣe, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Oúnjẹ tí ìyá jẹ kọ́ ló fà á, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì kọ́. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Àgbo kò lè dá iṣan tí kò sí padà. Ẹ sì ṣọ́ra: bí ara ọmọ bá gbóná, tí ó wá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó ń rùn burúkú, àwọn kan a máa dúpẹ́ pé ó ti tú. Ìfun ló ti ń dá egbò sínú yẹn, ó sì lè pa ọmọ kíákíá.

Dókítà yóò ya fọ́tò ikùn, yóò sì mú ẹran bíńtín nínú ìfun nítòsí ìdí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ òun ni, iṣẹ́ abẹ ló kù: wọn yóò gé ibi tí kò ní iṣan, wọn yóò fa èyí tó dára wá sí ìdí. Nígbà mìíràn wọ́n a kọ́kọ́ yọ ẹnu ìfun síta lára ikùn fún oṣù díẹ̀. Ojú òbí kì í fẹ́ rí i, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n máa ń dá a padà.

Ṣé lílọ sábẹ́ ọ̀bẹ túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ kò tó ni? Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà Hesekiah tán, síbẹ̀ Isaiah ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ́ lè ṣòro fún ọmọ mìíràn, tàbí kí ó máa yọ sí i lára fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa mú un padà sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Bí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru bá tún dé, ẹ má dúró de ọjọ́ náà.