Orúkọ Ìlọ̀rí àti Èdè-Ìperí fún Nǹkan Oṣù Lẹ́yìn Ìbímọ

Nínú àwọn orúkọ àmútọ̀runwá Yorùbá, Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìgè, Àjàyí àti Dàda ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn olùkọ́. Ìlọ̀rí kò gbajúmọ̀ tó wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Samuel Johnson kò gbàgbé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣe nǹkan oṣù ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ka orúkọ yìí sí àṣà lásán yóò fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n àkíyèsí ìjìnlẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó kọ́kọ́ sọ ọmọ ní Ìlọ̀rí ti rí i pé obìnrin lè bímọ, kí ó máa fún ọmọ náà lọ́mú, kí ó má tíì rí ẹ̀jẹ̀ kankan, kí oyún mìíràn sì ti wà lára rẹ̀.

Ohun tí orúkọ yìí fi hàn ni gbólóhùn kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ìtumọ̀ ìwé ìlera ń bò mọ́lẹ̀. Gbólóhùn náà ni ‘nígbà tí nǹkan oṣù bá padà’. Bí a bá sọ fún abiyamọ pé kí ó wá fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá padà, ohun tí yóò gbọ́ ni pé kò séwu títí di ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ètò ara rí. Ẹyin ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde láti ilé ẹyin. Bí ẹyin náà kò bá di oyún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí obìnrin bá rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ó ṣeé ṣe kí ẹyin ti jáde kí ó sì ti ṣòfò kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Bí ẹyin náà kò bá ṣòfò, Ìlọ̀rí ni yóò tibẹ̀ wá.

Ìdàrúdàpọ̀ kejì wà lórí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí obìnrin ń rí láti ìgbà tí ibi ọmọ bá ti jáde kì í ṣe nǹkan oṣù rárá. Ọgbẹ́ tí ó wà níbi tí ibi ọmọ ti ṣí kúrò lára ilé ọmọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ó máa ń pupa ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò ṣì, yóò sì wá di omi funfun tí ó pọ́n díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ó tó dá. Ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀, ‘ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ìbí’ sì ṣe é pè é láìsí wàhálà. Àǹfààní ìyàsọ́tọ̀ yìí ju ti ìwé lọ, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ náà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà gidigidi, tí ó ń rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, tàbí tí ó ń rùn tí ibà sì bá a wá, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Obìnrin tí ó bá rò pé nǹkan oṣù òun ni ó tètè dé lè jókòó sílé.

Ọmú ni ó ń mú kí ìgbà ìpadà nǹkan oṣù yàtọ̀ láti ara obìnrin kan sí èkejì. Bí ọmọ bá ń fa ọmú, ìròyìn fífà náà ń gba iṣan lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì dín iṣẹ́ tí ó ń rán kókó kékeré kan tí ó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kù. Kókó yìí ni ó ń fi họ́mónù ránṣẹ́ sí ilé ẹyin pé kí ẹyin gbó kí ó sì jáde. Bí fífà náà bá ṣe léra tó, lọ́sàn-án àti lóru, ni ìdènà náà ṣe lágbára tó. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní ògì, tàbí tí ọmọ ń sùn mọ́jú láìfa ọmú, ìdènà yóò máa dẹ̀. Ní ti obìnrin tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá, nǹkan oṣù rẹ̀ sábà máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. A sì ti rí èyí tí ẹyin jáde lára rẹ̀ ní ọjọ́ 25.

Ní 1988 ni àwọn onímọ̀ péjọ sí Bellagio ní ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n sì fẹnu kò pé ọmú lè dènà oyún tó ìdá 98 nínú 100, bí ohun mẹ́ta bá pé: kí ọmọ má tíì pé oṣù 6, kí ó jẹ́ ọmú nìkan tàbí ọmú ní pàtàkì ni ó ń mu, kí nǹkan oṣù ìyá má sì tíì padà. Wọn kò ka ẹ̀jẹ̀ tí ó bá yọ ṣáájú ọjọ́ 56 sí nǹkan oṣù fún abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú bẹ́ẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó sì fi èyí tí ó kù sílẹ̀ nítorí kí gbólóhùn lè kúrú, ti yí ìmọ̀ràn náà po.

Láyé àtijọ́, ewu yìí kò tó báyìí. Ìwádìí tí John àti Pat Caldwell tẹ̀ jáde ní 1977 nípa àwọn Yorùbá fi hàn bí tọkọtaya ṣe ń takété síra wọn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, nítorí ìgbàgbọ́ pé ìbálòpọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi mú àṣà náà lò lè má bá ìmọ̀ ìṣègùn mu, ṣùgbọ́n ó fi àlàfo sáàárín ọmọ. Kò sì jọ pé Ìlọ̀rí lè pọ̀ nílé tí a ti ń pa á mọ́. Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ kò pa á mọ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́ọ̀sì àti ìwé ìléwọ́ ni ó kù tí abiyamọ yóò fi ṣọ́ ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan olùdá èdè-ìperí nìyí. Àdàpè ni ‘nǹkan oṣù’. Àdàpè olè ni ọmọ ń fẹ́wọ́. Bí a bá dà á pè, ìtìjú a fò lọ, ṣùgbọ́n òye lè bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà fi oṣù mọ́ ohun tí kì í pa oṣù mọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó lè dé ní ọjọ́ 24, kí ó tún tó ọjọ́ 45 kí òmíràn tó dé. Ó lè pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ tàbí kí ó dín. Inú rírun rẹ̀ lè rọlẹ̀ fún ẹlòmíràn. Abiyamọ tí ń ka oṣù yóò rò pé àrùn ni. Yorùbá ní ‘àṣẹ́’ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò mú oṣù lọ́wọ́, tí ìwé ẹ̀kọ́ sì lè lò láìsí ìtìjú. Ohun kan tí ó bu ọ̀rọ̀ náà kù ni pé bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, òǹkàwé lè kà á sí àṣẹ ọba.

Fún jíjáde ẹyin, ‘ìjádé ẹyin’ tó. Kò sí ìdí láti wá èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé àṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ lè dé láìjẹ́ pé ẹyin jáde, ‘àṣẹ́ aláìlẹ́yin’ lè wúlò, bí òǹtẹ̀wé bá lè ṣèlérí pé òun yóò fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá fi í, obìnrin tí eyín rẹ̀ ti ká ni yóò di. Fún oyún tí ó ṣáájú àṣẹ́ àkọ́kọ́, ‘oyún ìlọ̀rí’ ni ó yẹ. Ó dára ju gbogbo àlàyé gígùn lọ, ìyá àgbà sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó ilé láìdúró de nọ́ọ̀sì.

‘Àìrí àṣẹ́’ nìkan ni ó ṣì ń fẹ́ ìtọ́jú, nítorí pé ó kó ohun púpọ̀ pọ̀. Àìrí ti ọmú kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n ní 1937 ni oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, Harold Sheehan, ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀púpọ̀ lára wọn nígbà ìbímọ: kókó abẹ́ ọpọlọ yẹn ń kú, omi ọmú kì í sun, àṣẹ́ kì í sì padà. Obìnrin tí kò ní omi ọmú tí kò sì rí àṣẹ́ kò sí lábẹ́ ààbò kankan, dókítà ni ó yẹ kí ó rí. Bákan náà ni ẹni tí ó ti já ọmọ lẹ́nu ọmú fún oṣù mẹ́ta tí kò rí nǹkan. Àyẹ̀wò oyún ni yóò sì kọ́kọ́ ṣe. Bí ìwé ìléwọ́ bá pe ti àkọ́kọ́ ní ‘àìrí ti ọmú’, tí ó sì pe ti ìkejì ní ‘àìrí ti àìsàn’, wọn kò ní dàrú mọ́ra.

Gbólóhùn tí a lè fi rọ́pò ti àtijọ́ nínú ìwé ìléwọ́ kò gùn ju èyí lọ: ‘Má ṣe dúró de àṣẹ́ kí o tó lọ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nítorí pé ẹyin lè ṣáájú rẹ̀ jáde.’