Awọ Ọ̀rá Sẹ́ẹ̀lì, Amyloid àti Iyè Rírà

Kókó ọ̀rọ̀

• Iyè rírà jẹ́ àìsàn ọpọlọ. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe dandan fún gbogbo arúgbó.
• Ní ọdún 2021, ènìyàn mílíọ̀nù 57 ló ń bá a gbé káàkiri àgbáyé. Àrùn Alzheimer ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.
• Orí awọ ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ká wà lára ibi tí purotéènì amyloid ti ń dì pọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì ní Ghana

Ní ọdún 1906, ọdún tí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Accra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti rà kí ó tó kú. Lára rẹ̀ ni ìdìpọ̀ líle tó wà láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì. Amyloid ni wọ́n.

Síbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tí ìwà rẹ̀ yí padà ṣì lè di ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n lu Akua Denteh, ẹni 90 ọdún, pa ní Kafaba, ní àríwá Ghana, lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Accra fọwọ́ sí àbá òfin tó lòdì sí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Òfin nìkan kò tó: ó yẹ kí ẹbí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ.

Iṣẹ́ tí awọ ọ̀rá ń ṣe

Ìpele ọ̀rá méjì ló para pọ̀ di awọ sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì kan tó ń jẹ́ APP wà nínú awọ yìí. Bí àwọn ẹ́ńsáìmù bá gé e, ègé kékeré tó ń jẹ́ amyloid-beta á já bọ́. Nínú omi ara, ó lè pẹ́ kí ègé kan tó bá òmíràn pàdé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ awọ, pàápàá níbi tí ọ̀rá tó ń jẹ́ GM1 wà, ìpàdé á yá. Ẹni mẹ́wàá tó fọ́n ká etíkun lè má rí ara wọn. Ní ọ̀nà tóóró ọjà Makola, èjìká á kan èjìká. Ibẹ̀ ni àwọn ègé náà ti ń yí ìrísí padà, tí wọ́n sì ń to ara wọn di okùn.

Kí wọ́n tó di okùn, ìdì kéékèèké lè ba awọ náà jẹ́, kí kálísíọ̀mù ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì pa á lára. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló ń mú ìdìpọ̀ yá. Òmíràn ń dá a dúró.

Ṣé ọ̀rá inú oúnjẹ ló fà á?

Rárá. Ọpọlọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú cholesterol rẹ̀. Ṣùgbọ́n cholesterol LDL tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní àárín ọjọ́ orí ń mú ewu iyè rírà pọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti àìgbọ́ràn dáadáa náà ṣe ń ṣe.

Àbùdá ìran nìkan kọ́ ló ń pinnu. Oríṣi ε4 ti APOE, tó ń darí gbígbé ọ̀rá nínú ọpọlọ, ń mú ewu Alzheimer pọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992 fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé agbára ε4 kéré láàrin àwọn Yorùbá, àti pé Alzheimer tuntun lọ́dọọdún jẹ́ ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ wá ohun tí ìtọ́jú lè mú kúrò: àìtó fítámì B12, àìsàn ẹ̀ṣẹ́ táírọ́ọ̀dù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí oògùn tí kò bára mu. Bí ọkàn aláìsàn bá dàrú lójijì, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láti àárín ọjọ́ orí. Kí wọ́n sì sọ fún ẹbí, ní èdè tó yé wọn, pé àìsàn ló ń ṣe ìyá tàbí bàbá wọn, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.