Adójútòfò ìlera ní Jámánì: ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ kó tó yàn

Ní Jámánì, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ìlú náà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera, ìbáà ṣe ọmọ onílẹ̀ tàbí àlejò. Ọdún 1883 ni Otto von Bismarck, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, ti fi òfin rẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, láti ọdún 2009 ló sì ti di dandan fún gbogbo olùgbé. Ọ̀nà méjì ló pín sí: ti gbogbogbòò, tí nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, àti ti aládàáni. Èyí tí àlejò bá kọ́kọ́ yàn ṣe pàtàkì gan-an, torí kò rọrùn láti ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Nínú ti gbogbogbòò, owó tó ń wọlé fúnni ni wọ́n fi ń ṣírò iye tí èèyàn máa san. Wọn kì í wo àìsàn tó wà lára ẹni. Ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni, yàtọ̀ sí àfikún díẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ọ̀kan ń bù lé e, agbanisíṣẹ́ á sì san ìdajì. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni àǹfààní rẹ̀ ti hàn jù. Bí baálé ilé kan bá níṣẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́ ọmọ mẹ́ta nílé láìsí owó tó ń wọlé fún un, owó ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò yọ, àwọn márààrún ni yóò sì gba káàdì ìtọ́jú. Nínú ti aládàáni, owó èèyàn márùn-ún ni.

Síbẹ̀, ti aládàáni ló sábà máa ń wọ ọ̀dọ́ àlejò lójú. Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ lọ́dún bá ju òdiwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀ lọ (73,800 Yúrò ni lọ́dún 2025) lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Owó ọ̀dọ́ tára rẹ̀ le lè kéré níbẹ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó rí dókítà. Àmọ́ ìbéèrè ló kún inú fọ́ọ̀mù tí wọn yóò fún un: ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ìtọ̀ súgà ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí? Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn lè san owó gọbọi, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Kò dáa rárá kéèyàn fi àìsàn pamọ́, torí bí àṣírí bá tú, ilé-iṣẹ́ náà lè fagi lé àdéhùn lásìkò tí onítọ̀hún nílò rẹ̀ jù. Bó bá sì lọ rí dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sanwó, kó tó fi rìsíìtì gba owó rẹ̀ padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ẹni 30 ọdún ní iye tó rọjú nínú ti gbogbogbòò. Bó bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ torí pé ó rí èyí tó pọ́ọ́kú, kò ní lè padà sí i gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ títí tí yóò fi parí ẹ̀kọ́ náà. Adójútòfò ìrìn-àjò tí àwọn kan fi ń gba físà kò tó fún ẹni tó fẹ́ máa gbé ìlú náà; púpọ̀ nínú wọn kì í san owó ìtọ́jú àìsàn tó ti wà lára ẹni tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó wà nínú ti gbogbogbòò lè ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn oṣù 12, wọn kò sì ní kọ̀ ọ́. Kíkúrò nínú ti aládàáni ló le. Òṣìṣẹ́ lè padà bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ kọjá òdiwọ̀n yẹn tàbí bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti pé ẹni ọdún 55, òfin kì í sábà gbà á padà mọ́, bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ni owó ti aládàáni ń wúwo sí i lọ́rùn ẹni tó ń múra àtifẹ̀yìn tì.