Ibi Tí Ẹranko Kì Í Sá fún Èèyàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ koná mọ́ igi yìí dáadáa, nítorí òtútù ibi tí mò ń mú yín lọ lálẹ́ òní kọjá ti ọyẹ́. Antarctica ni wọ́n ń pè é, ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá. Kò lọ́ba, kò ní onílẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá, aago mọ́kànlá alẹ́ á lù, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú.

Ushuaia, ní ìpẹ̀kun Ajẹntínà, la ti wọkọ̀. Omi Drake ló wà láàárín, ìrìn bí ọjọ́ méjì. Ẹ jẹ́ n fò ó. Ẹni tó bì kì í fẹ́ kí wọ́n rán òun létí.

Òfin ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ká tó bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà tó ń gbé wa lọ sétí òkun, wọ́n foògùn fọ bàtà wa, wọ́n tú àpò aṣọ wa bóyá èso koríko há síbẹ̀. Èèyàn 100 péré ló lè sọ̀ kalẹ̀ síbì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kéré tán, mítà 5 gbọ́dọ̀ wà láàárín èèyàn àti pẹ́ńgúìnì, bó bá sì ń kọjá, ìwọ lo máa yà fún un. Èmi àgbàlagbà yìí yà fún ẹyẹ tí kò ga dé ìbàdí mi!

Àmọ́ ta ló sọ òfin náà fún pẹ́ńgúìnì? Mo dúró jẹ́ẹ́, ọ̀kan rìn wá bá mi, ó wò mí tán, ó fi àgógó sọ bàtà òjò mi.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni irú tí wọ́n ń pè ní gentoo fi ń kọ́ ìtẹ́. Olè wà láàárín wọn o! Ọkọ á lọ ṣa òkúta kan ṣoṣo, á gbé e síwájú ìyàwó, á tẹrí ba. Kó tó wá òmíràn dé, aládùúgbò ti jí i, ó ti gbé e fún ìyàwó tiẹ̀, òun náà sì ti tẹrí ba.

Kí ló dé tí wọn ò bẹ̀rù wa? Kò sí ìkookò níbẹ̀, kò séjò. Ẹyẹ skua lè jí ẹyin wọn, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa àgbà wọn jẹ, inú omi ló wà: síìlì tí wọ́n sọ lórúkọ àmọ̀tẹ́kùn, tó lè gùn ju mítà 3 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tira wọn létí yìnyín, bí ọmọ tí ìyá ní kó lọ wẹ̀ lówùúrọ̀ ọyẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bẹ́ sómi.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé èèyàn gan-an lewu inú omi yẹn. Ní 1904 ni wọ́n dá Grytviken sílẹ̀ ní erékùṣù South Georgia, níbi tí wọ́n ti ń se ọ̀rá àbùùbùtán di epo. Àbùùbùtán díẹ̀ ló ṣẹ́ kù kí wọ́n tó jáwọ́. Nítorí náà, nígbà tí àbùùbùtán kan tó gùn ju ọkọ̀ rọ́bà wa lọ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó mira. Àwa kọ́ la sún mọ́ ọn, òun ló wá. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fojú kan wò wá, ó wá fọn èémí rẹ̀ tòun tomi lù wá, òórùn ẹja jíjẹrà gba aṣọ wa kan. Ẹni tó jókòó tì mí ní kí n má nù ún kúrò, pé ìbùkún ni. Mo ní kó gba tèmi mọ́ tiẹ̀.