Ìbọn Tuntun Kì Í Ṣe Ààbò Títí A Ó Fi Dán An Wò

Kò ṣòro ní Amẹ́ríkà kí onílé di onílé tó ní ìbọn. Ní ọdún 2008 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ District of Columbia v. Heller, tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn nílé láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ewu. Ní Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, pàápàá ní Houston, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 jẹ́ kí àgbàlagbà tí òfin kò ká lọ́wọ́ kò máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ẹ̀kọ́, láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ra ìbọn lónìí lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ òní, kó sì fọkàn balẹ̀ sùn pé òun ti ní ààbò. Mo ní kò tíì ní in. Ìbọn tí kò tíì dé pápá ìdánrawò, ewu ló ṣì jẹ́ fún ilé tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ tó rọ ìbọn ti dán an wò kó tó dé ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi dán an wò, ọta mìíràn ni wọ́n sì fi sí i. Ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ òde òní ló ń lo agbára ọta kan láti ti èèpo rẹ̀ jáde kó sì fa òmíràn wọlé. Bí ọrùn ọwọ́ ẹni tó dì í mú bá dẹ̀, agbára yẹn á ṣòfò, ọta á há, ìbọn á sì dákẹ́ ní ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù. Ọ̀ràn ọta tún wà níbẹ̀. Ọta olórí róbótó, tó dínwó, ni wọ́n sábà ń fi dánra wò. Èyí tó ní ihò lórí, tí ń fẹ̀ bó bá ti wọ ara, ni wọ́n ń tọ́jú de olè. Ìbọn kan lè gbé ti àkọ́kọ́ mì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ti èkejì sì máa há a lọ́fun. Ìwé inú páálí kò lè sọ bóyá tiyín rí bẹ́ẹ̀; àfi kí ẹ ta irú ọta tí yóò wà nínú rẹ̀ lóru gan-an. Ọta yìí wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ra èyí tí yóò fi dán ìbọn wò kò tíì tó ẹni tí ń ra ìbọn.

Ní pápá náà, ìbòtí àti gíláàsì ojú kì í ṣe àṣejù. Ìró ìbọn a máa kọjá ìwọ̀n 140 décibel, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó láti ba etí jẹ́ títí ayé. Bí a bá fà á tí kò dún, kí ẹnu ìbọn ṣì kọjú síwájú fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, nítorí àwọn ọta kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dún. Kí a fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, torí eruku òjé.

Àtakò tí mo ń gbọ́ jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ìbọn gígùn tí ń da ọta wẹ́wẹ́ kò nílò ìdánrawò, pé kí a ṣáà kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí olè wà. Irọ́ ni. Nínú yàrá, láàárín mítà márùn-ún, àwọn ọta náà kì í tíì tàn ká ju àwo kékeré lọ. Ẹni tí kò bá fojú sùn ún yóò tàsé. Níbo ni ọta tó tàsé náà ń lọ? Ẹni tó dàgbà nílé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta mọ ògiri bíríkì, ó sì lè gbà pé ògiri á gbà á dúró. Ògiri inú ọ̀pọ̀ ilé Amẹ́ríkà kì í ṣe bíríkì. Igi àti pátákó drywall ni, ọta ìbọn ìléwọ́ àti ọta wẹ́wẹ́ ńlá sì ń la a kọjá dé yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ìdí nìyí tí bíbá ibi tí a fojú sùn fi ṣe pàtàkì ju ariwo àti agbára ìbọn lọ, pápá nìkan la sì ti lè mọ̀ bóyá ọwọ́ wa lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí pápá kò lè kọ́ni: bí a ṣe ń mọ ẹni tí a fẹ́ yìnbọn fún. Oscar Pistorius, sárésáré ọmọ South Africa, mọ ìbọn í ta. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2013, ó yin ọta mẹ́rin gba ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun rò pé olè ni. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Reeva Steenkamp, ló wà níbẹ̀, ó sì kú. Ìwádìí tí Arthur Kellermann àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993 rí i pé ìpànìyàn nínú ilé tó ní ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ilé tí kò ní, ará ilé tàbí ojúlùmọ̀ ló sì sábà ń ṣe é. Àwọn alátakò ní ẹni tí ewu ti ń lé tẹ́lẹ̀ ló ń ra ìbọn, àròyé wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ó ju ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà lọ tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbẹ̀mí ara wọn. Kò sí olè kankan nínú ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, ẹ kọ́kọ́ wo irú ìwé ìgbélùú tí ẹ ní, torí òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lórí físà onígbà díẹ̀ láyè láti ní ìbọn. Bí òfin bá gbà yín láyè, ẹ ra àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ìbọn náà, kí ẹ sì gbé ìbọn náà lọ sí pápá kí ó tó sùn nílé yín. Bí ẹ kò bá ráyè ṣe méjèèjì, ẹ fi owó náà ra ilẹ̀kùn tó lágbára àti iná ìta.