Ṣé o mọ̀? Oúnjẹ aboyún wà ní ọjà Ẹdẹ

• Ṣé o mọ̀ pé aboyún kò ní láti jẹ oúnjẹ ẹni méjì? Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìwọ̀n tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ tó o. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi díẹ̀ kún un.

• Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹran àti ẹja tí wọ́n ń tà ní ọjà Ẹdẹ ní èròjà irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bí aboyún bá fi ọsàn lé ẹ̀wà, ara á gba irin náà dáadáa. Tíì máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà kó má mu ún mọ́ oúnjẹ.

• Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí aboyún máa lo irin mílígíráàmù 30 sí 60 àti fólíìkì ásíìdì máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́. Kó béèrè wọn níbi tó ti forúkọ oyún sílẹ̀.

• Ẹnu aboyún lè máa fẹ́ amọ̀ tàbí ẹfun. Ní 2009, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aboyún nípa irú amọ̀ tí wọ́n ń pè ní nzu, nítorí òjé inú rẹ̀ lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.