Mímú Olè Ojú Òkun Kò Tó, Ẹ̀rí Ni Ẹjọ́ Ń Fẹ́

Ní ọjọ́ kan tí a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù alàgbà oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀, tí a ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn olè tí ń dá ọkọ̀ lọ́nà lójú òkun, alàgbà náà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wa lẹ́nu. Ó ní: “Akọ̀wé, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ jàre. Ìbàdàn kò ní òkun, bẹ́ẹ̀ ni n kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Kí ni ó kàn mí nínú ọ̀ràn olè ojú òkun?”

A bi í pé níbo ni ọjà tí ó tò sórí pẹpẹ ti wá. Ó ní láti Ṣáínà ni, Àpápá ni ó sì gbà wọlé. A ní: “Bàbá, owó ewu òkun wà nínú iye tí ẹ rà á.” Nítorí fún ọdún púpọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti ka omi wa mọ́ ibi eléwu, tí wọ́n sì ń gba owó àfikún lórí ọkọ̀ tí ó bá ń bọ̀ níhìn-ín. Ọlọ́kọ̀ a gbé owó náà lé ẹrù, oníṣòwò a gbé e lé ọjà, ìyàwó ilé tí ó ti Challenge tàbí Bódìjà wá rajà ni yóò sì san án níkẹyìn.

Ewu náà kì í sì í ṣe àsọdùn. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àjọ International Maritime Bureau, nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí a jí gbé lójú òkun gbogbo ayé ní ọdún 2020, 130 ni a jí gbé ní Òkun Gínì, àní òkun tí ó wà ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ wa yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa wí pé kí àwọn Ọmọ Ogun Ojú Omi sá mú wọn, ọ̀ràn parí. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú òkun, ọjọ́ kan ṣoṣo tí í ṣe ti olóhun yìí lè lọ lásán bí kò bá sí òfin, bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, bí kò bá sì sí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti òfin. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òkun, ti ọdún 1982, fún orílẹ̀-èdè gbogbo ní agbára láti mú olè ojú òkun ní agbami, kí ó sì dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 wí pé àdéhùn kò di òfin níhìn-ín títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin yóò fi sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí a bá mú ni a ń fi ẹ̀sùn mìíràn kàn, bí ìbọn níní láìgbàṣẹ tàbí epo jíjí. Ọjọ́ 24 oṣù June, 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin tí ó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà dúró gedegbe. Òfin náà kan agbami, ó sì kan máìlì òkun 12 tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, ìjìyà rẹ̀ sì lè dé ẹ̀wọ̀n gbére.

Ní oṣù August, 2020, ilé-ẹjọ́ náà ní Port Harcourt dá àwọn mẹ́ta lẹ́bi. Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí a dá lẹ́bi lábẹ́ òfin yìí. Ọkọ̀ Elobey VI ni a jí gbé ní etí òkun Equatorial Guinea ní oṣù March ọdún náà, a sì gba owó ìràpadà 200,000 dọ́là lórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Adájọ́ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan san ìtanràn 20 mílíọ̀nù náírà. Nígbà tí alàgbà wa gbọ́, ó ṣírò rẹ̀ kíákíá: mẹ́ta lọ́nà ogún jẹ́ ọgọ́ta mílíọ̀nù; owó ìràpadà náà, ní iye tí dọ́là ń lọ nígbà náà, ju àádọ́rin mílíọ̀nù lọ. Ó ní: “Akọ̀wé, èyí ha kọ́ ni òwò tí èrè rẹ̀ ju owó orí lọ?” A kò rí èsì fún un.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kejì yàtọ̀. Ní oṣù May, 2020, àwọn ọmọ ogun wa gba ọkọ̀ apẹja Hai Lu Feng sílẹ̀, èyí tí a jí gbé ní omi Ivory Coast. Ènìyàn 18 ni ó yè nínú rẹ̀, a sì mú olè mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 23 oṣù July, 2021, Adájọ́ Ayokunle Faji ní Èkó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12.

Kí ni ó mú irú ẹjọ́ báyìí ṣòro? Bí olè bá fọ́ ilé ní Agbówó, ilé náà kò ní ṣí kúrò. Ọlọ́pàá lè padà wá wo fèrèsé lọ́la, aládùúgbò sì wà láti jẹ́rìí. Lójú òkun, ilé náà fúnra rẹ̀ ni yóò lọ. Olówó ọkọ̀ kò fẹ́ kí ó dúró ní èbúté lójú ọjọ́ kan, nítorí owó ń ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a sì tú ká padà sí ìlú wọn. Ìbọn ti bọ́ sómi. Èyí tí ó kù ni ọkọ̀ kékeré, ẹ́ńjìnnì, jálá epo àti àkàbà, olè yóò sì wí pé ẹja ni òun wá pa. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí pé ẹni tí a bá mú kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó dé iwájú adájọ́.

Nítorí náà, ní wákàtí tí a bá mú wọn gan-an ni ó yẹ kí a ti kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀: àkókò, ibi tí ọkọ̀ wà lójú omi, ẹni tí a bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù tí ó wà nínú àpò ta ni. Ẹni tí ó gba ẹrù ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnìkejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwa tí a ti jókòó pẹ́ nídìí tábìlì akọ̀wé mọ̀ pé àìfọwọ́sí ẹyọ kan lè sọ iṣẹ́ ọdún kan di asán.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ni lára. Ní oṣù November, 2021, Esbern Snare, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Dẹ́nmárkì, kò àwọn afurasí lójú Òkun Gínì. Ìbọn dún; mẹ́rin kú nínú wọn, a sì mú mẹ́rin láàyè. A kò rí orílẹ̀-èdè tí yóò gbà wọ́n dá lẹ́jọ́ ní agbègbè wa. Ní oṣù January, 2022, a gbé mẹ́ta sínú ọkọ̀ kékeré kan, a sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀kẹrin, tí ó fara gbọgbẹ́, ni a gbé dé Dẹ́nmárkì; ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́.

A dúpẹ́ pé ìkọlù tí ó jẹ́ 81 ní Òkun Gínì ní ọdún 2020 ti wálẹ̀ sí 19 ní ọdún 2022. Ọkọ̀ ogun ṣe tirẹ̀, òfin náà sì ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó ra ẹ́ńjìnnì, tí ó ra ìbọn, tí ó sì pín owó ìràpadà, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ń gbé, láàárín ọjà àti ilé ìfowópamọ́ bí ti wa. Bí ẹ̀rí kò bá tọ owó náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọdé mìíràn ni yóò tún rán jáde lọ́la.

Nígbà tí a dìde láti lọ, alàgbà náà tún ojú gíláàsì rẹ̀ ṣe, ó ní: “Ó kàn mí, Akọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.” Òun ni a ṣe kọ ọ́.